Ilẹ̀ Tí Igbó Bò Mọ́lẹ̀
Láti ọdún 1985 ni Arlen àti Diane Chase ti ń wú ilẹ̀ Caracol, ìlú àtijọ́ àwọn Maya ní Belize. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, kìlómítà onígun mẹ́rin 23 péré ni wọ́n ti fẹsẹ̀ wọ̀n.

Ní 2009, bàálù fi ìtànṣán lésà wo nǹkan bí 200 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ewé dá ọ̀pọ̀ ìtànṣán padà. Díẹ̀ yọ́ kanlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣa ìwọ̀nyí lọ́tọ̀, ó yọ igi kúrò, ọ̀nà àti oko àtijọ́ sì hàn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè ṣi ògiri kúkúrú pè ní igbó. Ẹni tó mọ ilẹ̀ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Igbó bo Erédò Sùngbọ́ ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á wọ̀n ọ́n kí katakata tó dé ibẹ̀.