Onínì: Bí A Ṣe Ń Dá Owó Ihò Mọ̀

Owó ihò ni onínì. Mẹ́wàá rẹ̀ ló pé kọ́bọ̀ kan láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá bá a nínú àpótí àgbà ní Òjòkú, lẹ́bàá Ọ̀fà, kò ní rí orí ọba lára rẹ̀, nítorí ihò ló gba àyè orí. Orúkọ ọba ni kí ó wá yí ihò náà ká.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa kọ lẹ́tà sí abẹ́ àwòrán ẹ̀yìn owó idẹ wọn, láti fi ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ hàn. Onínì mìíràn ní irú rẹ̀: H ni ti Heaton ní Birmingham, KN ni ti King's Norton.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ti 1907. Ní 1908 wọ́n yí i sí àdàlù bàbà òun níkẹ́lì. Ti idẹ kò dé títí di 1952. Ẹni tó bá pe onínì idẹ ní ti George Karùn-ún ti ṣìnà. Ti 1936 ló ṣòro jù: ọba méjì ló ní owó ọdún náà, George yìí àti Edward Kẹjọ, tó fi oyè sílẹ̀ kí wọ́n tó dé e ládé.

Àdánù gidi ni kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìgò kan. Ọba, ọdún àti lẹ́tà ṣì wà lára owó fún ẹni tí yóò kà á lọ́la. Orúkọ agboolé tí a ti rí i kò sí níbẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.