Asọ̀rọ̀mágbèsì Lórí Alùpùpù: Ìtàn Ohùn Tí Ń Rìn Ní Òkè-Ògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ẹni tí ó bá dúró ní gáréèjì Ìsẹ́yìn tàbí ní ẹ̀bá ọjà Ṣakí lónìí yóò rí i pé òótọ́ ni òwe yìí. Kì í ṣe ìró ẹ́ńjìnnì nìkan ni a fi ń mọ̀ pé ọlọ́kadà ń bọ̀. Orin fújì, wáàsí tàbí ìròyìn a máa ṣáájú rẹ̀ dé. Àwọn kan so sípíkà mọ́ ọwọ́ alùpùpù wọn, àwọn mìíràn tún fi anpilifáyà sí abẹ́ ìjókòó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: báwo ni ohùn ṣe dé orí alùpùpù? Àti pé, bí ohùn náà ti ń pọ̀ sí i, ṣé ó ń yé wa sí i ni?

Inú orúkọ ni ìtàn wà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ, nítorí pé orúkọ a máa pa ìtàn mọ́. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" ni àwọn bàbá wa pe rédíò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ni a fi kún "sọ̀rọ̀", "má" àti "gba èsì", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gba ìdáhùn. Orúkọ yìí bá ẹ̀rọ àkọ́kọ́ mu wẹ́kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣí ibùdó kan ní Èkó tí ó ń fi wáyà gbé ètò ilé iṣẹ́ BBC lọ sínú àpótí tí ó wà nílé àwọn tí ó ń sanwó rẹ̀. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ní ọdún 1939. Ibi tí wáyà bá dé ni ohùn náà mọ. Ẹni tí ó ń kọ ebè iṣu ní ìgbèríko Ṣakí kò sí nínú àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀.

"Alùpùpù" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ìró ṣẹ̀dá: ohun tí ń lù pùpùpù. Ṣùgbọ́n "ọ̀kadà" ti ojú òfuurufú wá. Ní ọdún 1983, Olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ilẹ̀ Ẹdó pè é. Àwọn ará wa fi ẹ̀fẹ̀ gbé orúkọ bàálù fún alùpùpù tí ń já gbogbo ọ̀nà kọjá.

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ ọkọ̀ àti ti ohùn ti so pọ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Paul Galvin gbé rédíò inú ọkọ̀ kan jáde, wọ́n sì pè é ní Motorola. "Motor" ni apá àkọ́kọ́. Apá kejì jọ ìparí orúkọ Victrola, ẹ̀rọ giramafóònù tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, orúkọ méjèèjì kò pàdé, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà pàdé.

Ìgbà tí ohùn já okùn

Kí rédíò tó dé ni ohùn Yorùbá ti ń rìn. Ìlù dùndún ń bá ọba àti ọ̀tọ̀kùlú rìn láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ giramafóònù wúwo, rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ìgbà náà sì ń fọ́ bí àwo. Ta ni yóò gbé e gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko?

Transistor ni ó já okùn náà. Ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1947. Ní ọdún 1954, rédíò alápò Regency TR-1 dé orí igbá níbẹ̀, Sony sì gbé tirẹ̀ jáde ní Japan ní ọdún 1955. Rédíò bẹ́ẹ̀ kò nílò wáyà, kò nílò iná mànàmáná. Bátìrì kéékèèké tó o. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ WNTV àti WNBS ní Ìbàdàn ní àyíká ọdún 1959, ohùn ará ilé ti wà lójú òfuurufú. Àgbẹ̀ lè gbé rédíò kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, kí ó máa gbọ́ Yorùbá lọ sí oko.

Ní ọdún 1963, Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Owó epo rọ̀bì ọdún 1970 sí 1979 kó Honda, Suzuki àti Yamaha wọ ìlú. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú, tí ètò SAP sì dé ní ọdún 1986, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ alùpùpù di ohun tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tí ó ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí mọ bí ọ̀nà ọ̀dàn ti ń gùn tó. Ohùn jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rere níbẹ̀. Ní ọdún 1980, ẹni tí ó bá ra Honda Gold Wing Interstate ní Amẹ́ríkà lè ra rédíò tí a ṣe fún un mọ́ ọn. Ní Òkè-Ògùn, rewáyà ni ilé iṣẹ́ wa.

Ọgbọ́n rewáyà àti ohùn Yorùbá

Rewáyà tí ó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè bí sípíkà ti tóbi tó. Bátìrì ni ó ń wò. Bátìrì 12 volt tí ó wà lára alùpùpù kéré, ẹ́ńjìnnì náà kò sì lè fi iná púpọ̀ kún un. Bí anpilifáyà bá ń mu ju ohun tí ó ń wọlé lọ, iná iwájú yóò ṣókùnkùn, ó sì di kí a máa fi ẹsẹ̀ ta á kí ó tó dáhùn. Nítorí náà ni ó fi ń fi fíúsì sí ara wáyà nítòsí bátìrì.

Ibi tí ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ti wọlé nìyí. Ohùn ọkùnrin a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tí ó bá relẹ̀ ju 300 lọ dáadáa. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ "igbá" tí ó pè é ní "igba" tàbí "ìgbà". Kí ló fà á? Ohùn kò dá rìn. Ìlọ́po rẹ̀, bíi 200, 300, 400, a máa tẹ̀ lé e, etí sì ń ti ara ìlọ́po wọ̀nyí mọ bí ohùn ti ga tó. Òun ni rédíò kékeré fi gbé èdè olóhùn bíi Yorùbá láìsọ ọ́ nù. Ohun tí ń pa ọ̀rọ̀ ni ìró ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn, àti báàsì ńlá tí ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dùndún fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀, ó mú ohùn, ọ̀rọ̀ sì yé wa; anpilifáyà onídìǹdìn fi méjèèjì sílẹ̀, ó mú ariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní ti ẹwà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lẹ́yìn ọlọ́kadà kan ní ọ̀nà Òkèhò. Orin ń dún kíkankíkan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè lẹ́yìn wa lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́. Èmi ni mo lù ú léjìká, a sì ya wọ inú koríko kí ọkọ̀ náà tó kọjá. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, orin ló gbà mí létí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí gbólóhùn yẹn. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ariwo 85 desíbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 lóòjọ́ ni ààlà etí, àti pé bí a bá fi 3 kún un, àkókò náà yóò dín sí ìdajì. Ọlọ́kadà a máa ju wákàtí 8 lọ lórí alùpùpù.

Rédíò ti yí padà. Àwọn ará Òkè-Ògùn ní Òkè-Ògùn FM ní Alága, olùgbọ́ sì lè fi fóònù dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn lónìí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì. Ìbànújẹ́ ni yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé àwa tí a gbé e gun alùpùpù ni a wá di asọ̀rọ̀mágbọ́rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohùn alùpùpù rẹ̀ ṣe, kí ó wá èyí tí ó mọ́ gaara, kí ó kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún fèrè ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.