Adágún Ẹ̀yìnkùlé

Bí a bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn baba wa fi ń wo omi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Odò ni èyí tí ń ṣàn. Ọ̀sà ni èyí tí ó tẹ́ rẹrẹ. Èyí tí ó bá dágún sí ojú kan, tí kò rí ibi gbà lọ, adágún ni. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, odò ni wọ́n máa ń kì fún mi, odò ni wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ń bọ. N kò tíì bá ẹni tí ó ki adágún pàdé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé omi tí kò ṣàn kò ní pẹ́ yí padà.

Ó sì máa ń yí padà lóòótọ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé amọ̀ ni a fi ń mọ ilé, kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ kì í jìnnà sí ilé. Òjò a rọ̀ sí i, omi a dúró, ojú rẹ̀ a sì di àwọ̀ ewé bí ẹni pé ẹnìkan da ọbẹ̀ ewédú sí i. Pẹ́pẹ́yẹ ni ó ń jẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa sọ òkò sí i. Kò sí ẹni tí ó rò pé ẹja lè gbé ibẹ̀. Ọ̀sà ni ẹja wà. Láti ọjà Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń gòkè wá sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́yìn tí Ronald Ross fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà, omi dídúró di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí a ṣe wá mọ wolé-wolé nìyẹn. Wolé-wolé a yọjú wo inú ìkòkò omi. Bí ó bá bá tanwíjí níbẹ̀, ẹjọ́ dé fún onílé. Kòtò tí wọn kò bá lè dí, wọn a da epo kẹrosíìnì lé omi rẹ̀ lórí kí tanwíjí má lè mí. Mo ka ìṣe yìí sí pàtàkì nínú ìtàn tí mo ń sọ, nítorí òun ni ó kọ́ wa pé bí omi dídúró bá dá wàhálà sílẹ̀, kí a wá nǹkan dà sí i.

Ìjọba kan náà ni ó tún padà wá kọ́ wa pé kí a máa gbẹ́ adágún! Láàrin àwọn ọdún 1940, wọ́n dán ẹja sísìn wò ní Oníkan ní Èkó; lẹ́yìn náà wọ́n dá oko ẹja ńlá sílẹ̀ ní Panyam, lórí òkè Jọ́ọ̀sì. Ní 1954 wọ́n kó irú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní carp wá láti ilẹ̀ Ọ́sítíríà. Kí òǹkàwé má gbàgbé ẹja yìí, nítorí òun gan-an ni koi tí àwọn olówó fi ń ṣe ọgbà wọn lẹ́ṣọ̀ọ́ lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní agbègbè Niigata ní ilẹ̀ Jàpáánì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àwọn aláwọ̀ pupa àti funfun lára rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì fi wọ́n han gbogbo ayé níbi àfihàn kan ní Tokyo ní 1914. Ní èdè wọn, carp náà ni koi túmọ̀ sí. Ẹja ọbẹ̀ tí ó wọṣọ òde ni.

Ní Ìjẹ̀bú, àrọ̀ ni ó borí. Iṣẹ́ tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, ẹni tí ó jọba láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990 láti gbógun ti ìṣẹ́ ni ó bí abúlé ẹja Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n gbẹ́ adágún wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ nínú ìlú náà fi ní adágún oníbúlọ́ọ̀kù tirẹ̀.

Àrọ̀ yìí ni ó sì tàn wá jẹ. Àwọ̀ ewé tí ń bo omi, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní algae, ewéko wẹ́wẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó ohun tí ojú lásán lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Oòrùn àti ajílẹ̀ ni ó ń jẹ: ìgbẹ́ ẹja, àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán. Ní ọ̀sán, ó ń tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́ yẹn padà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ìgbà tí àkùkọ ń kọ ni ìyà ń jẹ ẹja jù lọ. Àrọ̀ a yọrí sókè, a gbé afẹ́fẹ́ mì, a sì padà sísàlẹ̀. Koi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹpíyà pàápàá kò lè ṣe é. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n àrọ̀ sin koi yóò jí bá òkú lórí omi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì kó koi mẹ́rìndínlógún sí i. Omi náà di ọbẹ̀ ewédú. Ẹni tí ń bá a tún ọgbà ṣe ra copper sulphate, oògùn aláwọ̀ aró tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ ẹfun fún kòkó tí ó bá ń dúdú, ó sì bu ú dà sí i. Ní ọjọ́ kejì omi ti mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ẹja méjìlá ti léfòó. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi agbọ̀n kó wọn, n kò sì lè gbàgbé ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ.

Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Moore àti Kellerman, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1904, láti fi tọ́jú omi tí àwọn ará ìlú ń mu. Ṣùgbọ́n ó ń ba ìjàgbọ̀n ẹja jẹ́, agbára rẹ̀ sì máa ń le jù nínú omi tí kò ní ẹfun púpọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú omi tiwa tí ń gba inú iyanrìn wá. Ẹni tí ó bá fi fọ aṣọ mọ̀ bí ọṣẹ ṣe ń hó nínú rẹ̀. Ewé tí ó bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà a jẹrà, ìjẹrà yẹn a sì gba ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó kù.

Ní 1973 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ta aṣọ ìkélé sí àárín adágún kan ní ilẹ̀ Kánádà. Ajílẹ̀ méjì ni wọ́n dà sí apá kan. Wọ́n da méjèèjì sí apá kejì pẹ̀lú, wọ́n wá fi phosphorus kún un. Apá tí ó gba phosphorus nìkan ni ó di àwọ̀ ewé. Phosphorus yìí sì wà nínú oúnjẹ tí a ń rà ní àpò fún ẹja. Ọwọ́ tí ń bu oúnjẹ sómi ni kí a kọ́kọ́ kápá: ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí a fún un, kí a sì gbọ́n ìyókù kúrò. Èyí tí ó bá fà bí òwú, igi ni kí a fi lọ́ ọ jáde. Kí a máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí ń rùn oògùn ni, kí ó kọ́kọ́ dúró sínú táńkì tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan.

Kí a sì ṣíji bò ó. Òṣíbàtà dára fún èyí, ojúoró náà dára bí a bá ń dín in kù, kí ó má ju ìdajì ojú omi lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ewé olódòdó àlùkò tí ó dé ọ̀nà omi Àgbádárìgì ní 1984 wọlé. Àwọn apẹja etí ọ̀sà wa mọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tí ó bá ní agbára kí ó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi gba inú òkúta wẹ́wẹ́ padà sínú adágún, kí ó sì rántí pé òru gan-an ni ẹja nílò rẹ̀ jù, ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná sábà máa ń lọ. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ Yemọji ní Ìjẹ̀bú-Òde kò lo oògùn kankan: omi odò ń wọ ibẹ̀, ó sì ń jáde. Adágún tí a bá kọ́ láti máa ṣàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di odò.

Omi tí ó bá pọ́n díẹ̀ ní àwọ̀ ewé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ní 1865 Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, sọ àwo funfun sínú òkun láti mọ ibi tí ojú lè ríran dé. Apá tiwa náà tó. Kí a ki ọwọ́ bọ omi; bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá kí ìgúnpá tó rì, ewé ti pọ̀ jù.

Èyí tí a bá gbọ́n kúrò ńkọ́? Ní òpópónà tí mò ń gbé, gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí, gọ́tà náà sì ń lọ sínú odò kékeré tí àwọn obìnrin ti ń bu omi rẹ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó yẹ kí ó mu ún, nítorí ajílẹ̀ tí ó sọ omi di àwọ̀ ewé náà ni ẹ̀fọ́ ń wá. Ti ọ̀rẹ́ mi nìkan ni a kò lè bù sí ẹ̀fọ́ lọ́dún náà.