Ohùn tó ń ka fóònù fún Bàbá Kékeré: ta ló ni ín?

1/ Ẹ jókòó, ìtàn ni mo gbé wá lónìí. 🧵
Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, ń gbé ní Ìkìrun. Ojú wọn ti fọ́. TalkBack ló ń ka fóònù fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ohùn òyìnbó ló máa fi kà á. "Ẹ kú àárọ̀" á di nǹkan tí èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò mọ̀.

2/ Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì tá a jọ kàwé ní UNIOSUN, Òkukù, wá ní ká ṣe áàpù tó máa ka Yorùbá bó ṣe yẹ. A rí kóòdù ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kó o. A ti ń ṣírò owó tá a máa gbà! Àfìgbà tí èyí tó jẹ́ ọmọ Ìnísà nínú wa béèrè pé, "Ṣé ẹ ti ka láísẹ́ǹsì ẹ̀?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu.

3/ Láísẹ́ǹsì ni ìwé tí ẹni tó kọ kóòdù fi sọ ohun tó gbà kó o fi ṣe. Pé wọn ò gbowó lórí nǹkan ò sọ pé nǹkan ọ̀hún ò lólúwa o.

4/ Níbo lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ní nǹkan bí 1980, Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní MIT, Amẹ́ríkà. Bébà máa ń há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox wọn. Ó fẹ́ tún kóòdù ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kóòdù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Stallman. Ní September 1983 ó kéde GNU. Ní 1989 ó gbé láísẹ́ǹsì GPL jáde.

5/ Kí ni GPL sọ? Lò ó. Tún un ṣe. Tà á pàápàá. Ṣùgbọ́n bó o bá pín ohun tó o fi ṣe fún èèyàn, fún wọn ní kóòdù ẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kan náà tí wọ́n fún ọ.

6/ Àwọn bàbá wa tó ń roko mọ èyí dáadáa. ÀÁRÓ ni! Lónìí a ro oko tìrẹ, lọ́la o ń bọ̀ lóko tèmi. Láísẹ́ǹsì MIT àti Apache ní tiwọn dà bí ọ̀wẹ̀: wọ́n bá ọ ṣe é, o dúpẹ́, ó parí. Kó o ṣáà má pa orúkọ wọn rẹ́.

7/ TalkBack jáde ní 2009. T. V. Raman, tí òun fúnra ẹ̀ ò ríran, àti Charles Chen wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Google. Apache ni láísẹ́ǹsì ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn.

8/ Ṣùgbọ́n eSpeak NG la kó ní tiwa. Jonathan Duddington ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1995, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí kọ̀ǹpútà Acorn. Ní ìparí 2015, àwọn míì gbà á ṣe, wọ́n fi NG kún orúkọ ẹ̀. GPL ẹ̀dà 3 ni. Àáró! Tá a bá fi sínú áàpù wa, a ò lè ti áàpù náà pa.

9/ "Ta ló máa mú wa?" Ẹ bi VLC léèrè. Wọ́n gbé e sórí iPhone ní 2010. Rémi Denis-Courmont, ọ̀kan lára àwọn tó kọ kóòdù ẹ̀, ní òfin App Store tako GPL. Ní January 2011, Apple yọ ọ́. Wọ́n ní láti wá ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dá sí kóòdù náà kí wọ́n tó lè pààrọ̀ láísẹ́ǹsì. July 2013 ló tó padà.
Fíìmù lásán nìyẹn o. Tó bá jẹ́ pé ohùn tó ń ka fóònù fún Bàbá Kékeré ni wọ́n yọ ńkọ́?

10/ Kóòdù nìkan kọ́, ohùn náà ní láísẹ́ǹsì. Ní 2020, àwọn olùwádìí Google pẹ̀lú Kọ́lá Túbọ̀sún gbé ohùn Yorùbá tó lé ní wákàtí 4 jáde, láti ẹnu èèyàn 36. CC BY-SA 4.0 ni: dárúkọ wọn, kí ìwọ náà sì pín tìrẹ bẹ́ẹ̀. Àáró lèyí náà.
Ní May 2023, Meta gbé MMS jáde, Yorùbá wà níbẹ̀. CC BY-NC ni: má fi ṣòwò. Gba ₦200 péré lórí ẹ̀, o ti rú u.

11/ Kí la wá ṣe? A yọ ti Meta kúrò. A ṣí kóòdù wa sílẹ̀ lábẹ́ GPL. Owó tá a máa gbà, lórí iṣẹ́ ọwọ́ wa ni: ká bá èèyàn tò ó sórí fóònù, ká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ọ̀rẹ́ mi kejì bínú díẹ̀. Èmi náà ṣì ń ro owó yẹn, mi ò ní purọ́.

12/ Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Bàbá Kékeré. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ojú ti lọ. Ẹ má wá fún mi létí tí wọ́n máa gbà padà."

13/ Iṣẹ́ ò tíì parí. Ohùn náà ṣì ń ṣi àmì pè. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè já a gbà mọ́.
Ìwọ tó ò ń kọ́ áàpù, kó o tó kó láíbírì ẹlòmíì, ṣí fáìlì tí wọ́n pè ní LICENSE. Kà á tán. Ṣé àáró ni, àbí ọ̀wẹ̀?