Ojúṣe Ìlú nínú Àdéhùn: Ọ̀tà láti 1976

Àtúntò ọdún 1976 ni ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba ní Nàìjíríà. Ìfọ̀/Ọ̀tà ni a ń pe ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀tà wà nínú rẹ̀ kí a tó dá Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1989. Bí ilé-iṣẹ́ ti ń gbilẹ̀ láti Ọ̀tà dé Sàngó, ìbéèrè kan ń le sí i: ta ni ojúṣe ìlú wà lọ́rùn rẹ̀?

Àfikún Kẹrin Òfin ọdún 1999 ka ọjà, ibùdókọ̀, odò-ẹran àti pàǹtírí kíkó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti títì àti gọ́tà yàtọ̀ díẹ̀: èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀ ni tiwọn. Òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta tí ó gba Sàngó kọjá sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àgbàrá òjò kò mọ ààlà wọ̀nyí.

Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń bá ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn, ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìkan kò tó. Kí ìwé náà dárúkọ iṣẹ́, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, ẹni tí yóò sanwó, àti ẹni tí aráàlú yóò fẹjọ́ sùn. Alábàáṣe lè gba iṣẹ́ ṣe. Ojúṣe tí òfin gbé ka ìjọba lórí kò kúrò níbẹ̀.

Ní 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹni tí owó dé ọwọ́ rẹ̀ ni a ó bi léèrè.