Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ìgboyà Láti Bá Àgbà Sọ̀rọ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń kọ́ ọmọ láti dákẹ́ níbi tí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọdé ti sọ ìdákẹ́ náà di àṣejù. À ń kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà, à ń jíṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n a kì í bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn ti rí. Ẹ̀rù ń bà wá kí wọ́n má baà pè wá ní aláfojúdi. Bẹ́ẹ̀ bíbéèrè lọ́wọ́ àgbà ló fún wa ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó lókìkí jù lọ nípa ìran wa.

Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ ìwé náà. Ìlú Hastings ní Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ni wọ́n bí i sí ní 1846. Òwò ẹrú ló gbé bàbá rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn, kò tíì pé ọmọ ọdún 12. Ẹni tí a bí sí ẹ̀yìn odi, báwo ni yóò ṣe mọ ìtàn ilé láìbéèrè? Johnson béèrè lọ́wọ́ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí ìtàn àwọn ọba. Ó béèrè lọ́wọ́ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, àti lọ́wọ́ Josiah Òní, oníṣòwò tó rin ilẹ̀ Yorùbá já. Ó tún béèrè lọ́wọ́ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ọba ni Tìmì, síbẹ̀ kò ka ìbéèrè sí àrífín.

Nígbà tí Johnson fi máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ ní 1897, Kúkọ̀mí ti di olóògbé. Ká ní ó ti fi ìbéèrè rẹ̀ dọ̀la ni, ta ni ì bá dá a lóhùn? Ìwé tó kọ tún sọ nù lọ́nà ìtẹ̀jáde, òun náà sì kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní 1921. Ẹnu àwọn àgbà náà ti pa dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò kú.

Ìtàn wà nínú ilé tiwa náà. Ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1972, ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ 10. Ìwé lè sọ ọdún rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ ṣe ń wa ọkọ̀ tìfuratìfura, tàbí bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò owó tuntun, ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè sọ ọ́.

Ìgboyà tí mò ń sọ kì í ṣe ojú líle. Ẹ jẹ́ kí àgbà sinmi tán. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fi ohun kékeré bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kú ìsinmi, màámá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ìwé wo lẹ lọ nígbà tí ẹ wà ní kékeré?” Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, bóyá ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “ọmọdé kì í béèrè irú ìyẹn” pa wá lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yẹn ni à ń pè ní ìtàn. Kí olúkúlùkù wa mú ìwé àti bírò lọ́sẹ̀ yìí, kí ó jókòó ti àgbà kan, kí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.