Ètò Ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìlú Mọ̀ Kí Ọdún 2033 Tó Dé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni a gbọ́dọ̀ wo ìlú dáadáa kí a tó pinnu ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí àgbàrá yóò gbà, àti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Iṣẹ́ tí ètò ìlú wà fún nìyẹn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún Ìlá-Ọ̀ràngún, àmọ́ ìwé tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò lè la títì.

Ìlú náà àti ọrọ̀ ajé rẹ̀

Ìpínlẹ̀ Kwara ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Ìgbómìnà wà, Ìlá-Ọ̀ràngún sì ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn sọ pé láti Ìlá Yàrá ni àwọn ọmọ ọba méjì ti pínyà, tí ọ̀kan tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, tí èkejì sì tẹ Òkè-Ìlá dó. Lónìí, Ìlá-Ọ̀ràngún ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá sì ni ti Ìfẹ́dayọ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá ní èèyàn 62,049, Ìfẹ́dayọ̀ sì ní 37,058.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọrọ̀ ajé ibẹ̀, àwọn ọmọ Ìlá sì lórúkọ nídìí ẹmu dídá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo lọ́dún 1907, Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà ló gbà kọjá síwájú. Kò gba Ìlá. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí jẹ́, nítorí ibi tí ọ̀nà bá gbà ni òwò máa ń gbà.

Bí ètò náà ṣe wáyé

Lásìkò ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà láti ọdún 2010 sí 2018, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ibùgbé. Ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe ètò fún: Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹdẹ, Ìwó, Ìkirè, Ìkìrun, Èjìgbò àti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ti Ìlá àti agbègbè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, yóò sì parí lọ́dún 2033.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìlú wò láti mọ bí ilé, omi, ọjà, àyíká àti ìṣàkóso rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ láti fikùn lukùn, kí wọ́n tó ya àwòrán bí ìlú yóò ṣe gbòòrò.

Yunifásítì dé lẹ́yìn ètò

Ó ti pẹ́ tí Ìlá ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 2014, nígbà ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari, ni wọ́n dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Ìlera sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ìlú, yunifásítì yìí kò tíì sí.

Ire ńlá ni iléèwé gíga jẹ́: ó ń mú owó ilé wá, ó ń mú oúnjẹ tà, ó sì ń fún àwọn ọlọ́kadà níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ètò, oko ọ̀pẹ lè di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún díẹ̀, kí wọ́n sì mọlé sójú ọ̀nà àgbàrá. Ẹni tó ta oko ti gbowó ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ń dá ẹmu níbẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n tún ètò náà yẹ̀ wò kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ta ni iṣẹ́ yìí kàn?

Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú ní ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, òfin ọdún 1999 gbé ọjà, gáréèjì, gọ́tà àti ìkólẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Nípa bẹ́ẹ̀, ará ìlú mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìlú ohun tí àwòrán sọ nípa ilẹ̀ náà kó tó sanwó. Àwọn ìyálọ́jà náà lè béèrè ibi tí ètò fi ọjà sí. Ìlá àti Òkè-Ìlá, níbi tí ìṣàn omi Àyìkúnnugbá wà, sì lè jọ jókòó lórí ọ̀nà tí yóò so wọ́n pọ̀ mọ́ òwò àti ìrìn àjò afẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.